Láti Ẹ̀yìnkùlé Ìyá dé Kíláàsì Àbújá: Ìtàn Bí A Ti Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ìkòkò Mímọ



Bí owó ogún náírà bá wà lápò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un jáde kí ẹ wò ó dáadáa. Ní iwájú rẹ̀ ni àwòrán Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà. Ẹ yí i sẹ́yìn. Obìnrin kan ni ẹ ó rí níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò amọ̀. Láti ọdún 2007 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára owó wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ná owó náà láìmọye ìgbà. A ti fi ra ẹ̀kọ, a ti fi ṣe sàárà, a kò sì béèrè ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Kì í ṣe ọmọ ọba, kì í ṣe aya gómìnà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olóṣèlú. Kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé rí. Amọ̀ ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kò lè yé wa bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ilé-ìwé tí ó ti jáde. Ilé-ìwé náà ni ẹ̀yìnkùlé àwọn ìyá wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àti kékeré ni Mùsùlùmí ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láṣọ." Bí a ti ń kọ́ ọmọ láṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ni a ti ń kọ́ ọ ní amọ̀, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì rọ̀.

ÀMÙ TÍ Ó WÀ NÍ IGUN ILÉ

Ní Fìdítì níbí, àti ní Ìlọrá tí ó múlé gbè wá, ẹni tí ó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò rántí àmù. Igun tí òòrùn kì í dé ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á fi ọmọrí bò ó, wọ́n á sì da ife dé orí rẹ̀. Ọmọ tí ó ti oko ọsàn tàbí oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó dé, tí òòrùn ti pa á, ìdí àmù ni ó ń sáré lọ. Omi rẹ̀ a máa tutù, kò sì sí iná mànàmáná nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmù ńlá máa ń wà lẹ́bàá mọ́sáláṣí pẹ̀lú, láti inú rẹ̀ ni a ti ń bu omi àlùwàlá.

Lónìí, dúrọ́ọ̀mù oníke ni ó gba ipò àmù. Ìkòkò irin ti gba ipò ìṣaasùn. Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa sọ pé nǹkan ayé àtijọ́ ni ìkòkò amọ̀, pé àwọn tí ń mọ ọ́n kò mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó jẹ mí lógún tí mo fi mú gègé. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọmọbìnrin ọdún méjìlá gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìkòkò rẹ̀ kan ṣoṣo tó jáde nínú iná láìfọ́, kò ní sọ pé iṣẹ́ aláìmọ̀wé ni. Ìmọ̀ ni. Ọwọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọn kò kọ ọ́ sí ìwé.

ÀPÁÀDÌ NI ÌWÉ ÌTÀN WA

Ilé onígi a máa jẹrà, ikán a máa jẹ aṣọ, irin a máa dípẹtà. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí iná ti jó kì í padà di ẹrẹ̀ mọ́. Bí ìkòkò bá tilẹ̀ fọ́, àpáàdì rẹ̀ yóò wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àpáàdì ni àwọn tí ń wú ilẹ̀ láti wádìí ìtàn kọ́kọ́ máa ń wá. Ní Ounjougou, ní ilẹ̀ Mali, wọ́n wú àpáàdì tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún. Èyí túmọ̀ sí pé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ mọ ìkòkò ní gbogbo ayé. Kò sí ẹni tí ó ti òkè òkun wá kọ́ wa.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n tò ní ìdúró, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, láti fi tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn sí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ẹ. Ẹ rò ó wò: ìkòkò mélòó ni yóò fọ́ kí a tó rí àpáàdì tí yóò tẹ́ àgbàlá kan? Amọ̀kòkò mélòó ni yóò ti wà nínú ìlú náà?

Ti Ọ̀yọ́ kàn wá gan-an, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa ní agbègbè yìí ti ṣẹ̀, nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní àwọn ọdún 1830. Àwọn olùwádìí ti wú ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì mọ irú ìkòkò tí wọ́n ń mọ níbẹ̀ àti ọnà tí wọ́n ń fín sí i lára. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran wá wú ilẹ̀ ní Ẹdẹ Ilé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Ọ̀yọ́ ti tẹ ìlú dó ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Irú ìkòkò Ọ̀yọ́ ni ó bá níbẹ̀. Kí ni èyí fi hàn? Ìtàn tí a ń kà nípa Ọ̀yọ́ kún fún Aláàfin, ẹ̀ṣọ́ àti ẹṣin. Àpáàdì ni ó ń sọ fún wa pé àwọn obìnrin náà wà nínú ìrìn àjò náà, tí wọ́n gbé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn dání, tí wọ́n sì ń fi kọ́ ọmọ wọn ní ibi tuntun tí wọ́n tẹ̀dó sí. Kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò parẹ́.

KÍLÁÀSÌ TÍ KÒ NÍ PÁTÁKÓ

Ẹni tí ó bá ti Fìdítì gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ títí, Ìlọrin ni yóò yọ sí. Ní Ìlọrin, ní Òkèlele, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Dada, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìkòkò. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà, ọwọ́ ìyá ni ọmọ sì ti ń gbà á. Irú ibi bẹ́ẹ̀ wà ní Ìpetumodù lẹ́bàá Ifẹ̀, ó sì wà ní Ìsàn ní ilẹ̀ Èkìtì. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní irú ibẹ̀, kí a sì wo ohun tí ó ní láti kọ́.

Ìkíní ni amọ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni amọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo amọ̀ ni ó ṣeé mọ ní ìkòkò. Ọmọ náà yóò tẹ̀lé àwọn àgbà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wà á. Yóò kọ́ láti fi ìka mọ̀ ọ́n: bí ó bá lẹ̀ jù, yóò sán nígbà tí ó bá ń gbẹ; bí iyanrìn bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ní dìpọ̀. Bí wọ́n bá gbé e délé, wọ́n á sá a, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, ọmọ náà yóò sì máa ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ yìí nìkan ni wọn yóò fi lé e lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé wọ́n kàn ń rán an níṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì ni pípò. Wọn kì í lo amọ̀ ní òun nìkan. Wọ́n lè fi iyanrìn sí i, tàbí kí wọ́n gún àpáàdì kúnná kí wọ́n pò ó mọ́ ọn. Ìdí ni pé amọ̀ a máa sún kì nígbà tí omi inú rẹ̀ bá ń gbẹ. Bí ó bá ti sún kì jù, yóò ya. Àpáàdì tí a gún ti jóná tẹ́lẹ̀, kò tún ní sún kì mọ́, nítorí náà òun ni ó ń di amọ̀ tuntun mú. Ẹ ò rí i pé ìkòkò ìyá àgbà tí ó fọ́ lánàá ni ó ń ran ìkòkò ọmọ lọ́wọ́ lónìí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n gún un, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba.

Ìkẹta ni ìdí ìkòkò. Ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ilẹ̀ Yorùbá ń gbà ni pé wọ́n á da ògbólógbòó ìkòkò dojú bolẹ̀, wọ́n á fọ́n eérú sí i lára kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá tẹ́ amọ̀ lé e lórí, wọ́n á sì máa lù ú títí yóò fi rí bí ìdí ìkòkò náà. Bí ó bá ti le díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́. Níbi yìí ni ọwọ́ akọ́ṣẹ́ ti máa ń tàsé. Bí ó bá tètè yọ ọ́, yóò wó. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò sán mọ́ ọn lára. Kò sí aago tí yóò sọ fún un. Ọwọ́ ni yóò fi kàn án, títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ìkẹrin ni mímọ sókè. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ yí amọ̀ gùn bí okùn, yóò ká a sí etí ìdí ìkòkò náà, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, yóò sì tún ká òmíràn lé e. Ní ilẹ̀ òyìnbó àti ní àwọn ilẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn, orí pẹpẹ róbótó tí ń yí ni wọ́n ń gbé amọ̀ sí. Ní tiwa, ìkòkò dúró, amọ̀kòkò ni ó ń yí i ká. Yóò tẹ̀ ba, yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yípo, ọwọ́ rẹ̀ kan nínú ìkòkò, èkejì ní ìta. Ẹ wo bí ìkòkò tí a kò fi ẹ̀rọ kankan wọ̀n ṣe máa ń rí róbótó bí òṣùpá ọjọ́ kẹrìnlá. Ẹsẹ̀ ni ó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ewé tàbí aṣọ tútù dán an, tí yóò sì fi ṣùkù àgbàdo tàbí igi tí a fín yí i lára kí ó lè ní ọnà. Ọnà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú: kì í jẹ́ kí ìkòkò tí omi kún yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e.

Ìkarùn-ún ni sùúrù. Ìkòkò kò gbọ́dọ̀ rí òòrùn lójijì. Inú ibòji ni yóò ti gbẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí ẹnu rẹ̀ bá gbẹ ṣáájú ìdí rẹ̀, wọn yóò fa ara wọn ya. Bí omi bá sì kù sínú rẹ̀ nígbà tí ó bá dé inú iná, omi náà yóò di oruku gbígbóná, kò ní rí ọ̀nà jáde, yóò sì fọ́ ìkòkò náà yángá. Akọ́ṣẹ́ tí ó bá gbọ́ ìró yẹn nínú iná mọ̀ pé tòun ni. Kò sí olùkọ́ tí yóò bá a wí kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìkẹfà ni iná. "Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná." Orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ti ń sun ún. Wọ́n á to ìkòkò jọ, wọ́n á fi igi àti koríko bò wọ́n, wọ́n á sì tiná bọ̀ ọ́. Iná náà kì í sábà ju ìwọ̀n 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ó tó. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 600, omi tí ó so mọ́ amọ̀ láti ìṣẹ̀dá yóò ti kúrò lára rẹ̀, amọ̀ náà kò sì ní di ẹrẹ̀ mọ́ láéláé. Ní àwọn ibì kan, bí ìkòkò bá ti ń jáde nínú iná, wọ́n á wọ́n omi tí a fi èèpo èso igi irú rẹ sí i lára. Yóò ṣe ṣàà, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú dán.

Ẹ̀kọ́ mẹ́fà nìyẹn. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ nípa omi wà níbẹ̀, ìmọ̀ nípa iná náà kò gbẹ́yìn. Àlùkùrááni pàápàá, nínú Súúrà 55, àáyà 14, fi irú amọ̀ tí amọ̀kòkò ń lò ṣe àpèjúwe ohun tí a fi dá ènìyàn. Iṣẹ́ tí a fi ṣe irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn.

ÀWỌN TÍ Ó KỌ TIWỌN SÍLẸ̀

Àwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ kò fi ojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, nígbà ìjọba àwọn Abásíìdì, àwọn amọ̀kòkò ìlú Basra ní ilẹ̀ Ìráàkì rí àwo funfun tí ń wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Wọn kò ní irú amọ̀ funfun bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ronú, wọ́n sì fi tánńganran ṣe awọ funfun kan tí wọ́n fi bo amọ̀ tiwọn. Wọ́n tún rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ya àwòrán sí i kí ó máa kọ mànà bí wúrà. Ọgbọ́n yìí rin ìrìn àjò dé Íjíbítì, ó dé Andalus ní ilẹ̀ Sípéènì, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì.

Ní ọdún 1301, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Abu al-Qasim, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ amọ̀kòkò ní ìlú Kashan ní ilẹ̀ Páṣíà, kọ ìmọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀: irú òkúta tí wọ́n ń lọ̀, bí wọ́n ṣe ń pò ó, àti bí wọ́n ṣe ń sun ún. Títí di òní, àwọn olùwádìí ṣì ń ka ohun tí ó kọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Àwọn ìyá wa ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí Abu al-Qasim nínú ilé wọn.

KÍLÁÀSÌ ÀBÚJÁ

Wàyí o, a ti dé orí ìtàn obìnrin tí ó wà lórí owó. Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni wọ́n bí Ladi ní abúlé Kwali, láàárín àwọn Gbagyi tí àwọn Háúsá ń pè ní Gwari. Ìyá kan nínú ẹbí rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ láti kékeré, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé rẹ̀ lókè yìí. Ìkòkò omi tirẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń fín àwòrán alángbá, àkèekèé, ọ̀nì, ẹja àti ẹyẹ yí i lára. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, títí kan ààfin Ẹ́míà Àbújá, Suleiman Barau. Àbújá tí à ń sọ yìí kọ́ ni olú-ìlú wa ti òde òní. Ìlú náà ni a ń pè ní Suleja lónìí; ní ọdún 1976 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà nígbà tí olú-ìlú tuntun gba orúkọ Àbújá.

Ní ọdún 1950, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Michael Cardew dé Nàìjíríà. Amọ̀kòkò ni, ìjọba amúnisìn sì gbà á láti wá dá iṣẹ́ ìkòkò ìgbàlódé sílẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti ọdún 1942 ni ó ti wà ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ó kọ́ni ní Achimota, ó sì gbìyànjú ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n tì pa ní ọdún 1945. Nígbà tí ó dé Àbújá, ó rí ìkòkò Ladi ní ààfin Ẹ́míà, ẹnu sì yà á.

Ní ọdún 1952 ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ ní Àbújá. Ọkùnrin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ń lo pẹpẹ róbótó tí a ń fi ẹsẹ̀ yí. Wọ́n mọ ààrò ńlá oníbíríkì tí wọ́n ń ki igi sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí ooru rẹ̀ yóò fi lé ní 1,200. Wọ́n ń fi eérú igi àti òkúta lílọ̀ ṣe omi kan tí wọ́n ń rẹ ìkòkò sí. Bí iná bá mú un, á yọ́, á sì di awọ dídán lára ìkòkò bí ara ìgò. Ife, àwo, ìkòkò tíì àti ìgò omi ni wọ́n ń ṣe, èyí tí àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀mọ̀wé ń rà.

Ọdún méjì kọjá. Ní ọdún 1954, Ladi Kwali wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí. Obìnrin tí ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, tí ó ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun, tí ààfin ọba ti ń ra iṣẹ́ rẹ̀, ni ó tún wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń lo pẹpẹ róbótó. Ó kọ́ bí a ti ń rẹ ìkòkò sí omi dídán àti bí a ti ń sun ún nínú ààrò. Ṣùgbọ́n kò ju ti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìkòkò ńlá rẹ̀, ọwọ́ lásán ni ó fi ń mọ wọ́n, tí ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí wọn ká. Yóò fín àwòrán rẹ̀ sí i, yóò fi amọ̀ funfun dí ojú fínfín náà, lẹ́yìn náà ni yóò tó lọ sí ààrò Àbújá. Àwọn obìnrin Gbagyi mìíràn tẹ̀lé e lẹ́yìn náà, bíi Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa. Wọ́n ya iyàrá kan sọ́tọ̀ fún wọn tí wọ́n ń pè ní Dakin Gwari, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní ìlànà ìyá wọn.

OHUN TÍ A JÈRÈ ÀTI OHUN TÍ A PÀDÁNÙ

Bí a óò bá sọ òótọ́, ilé-ìwé méjèèjì ní ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Ìkòkò Àbújá le bí òkúta, omi kì í jò lára rẹ̀, ó sì ń dán. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, 1959 àti 1962, àwọn èèyàn sì ń dù ú rà. Ladi fúnra rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun láti fi iṣẹ́ náà han àwọn èèyàn. Ní ọdún 1972, òun, Cardew àti Clement Kofi Athey, ọmọ ilẹ̀ Gánà, jọ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ oríṣiríṣi dúró, wọ́n ń wo obìnrin tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìkòkò dídán yẹn kò lè ṣe: kò lè mú omi tutù bí àmù. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ara amọ̀ tí a sun ní gbangba ní ihò tín-ń-tín tí ojú kò lè rí. Omi ń gba ibẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru kúrò lára omi tí ó kù nínú. Àmù ń làágùn, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń làágùn kí ara rẹ̀ lè tutù. Awọ dídán ti dí àwọn ihò náà pa. Nítorí náà, ìkòkò omi Ladi tí ó ti ààrò Àbújá jáde di ohun ọ̀ṣọ́ nínú ilé olówó, kì í ṣe ohun ìmumi mọ́. Ó níye lórí ju ti Kwali lọ, ṣùgbọ́n ti Kwali ni ó ń pa òùngbẹ.

Èmi kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu Àbújá. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ sọ àtijọ́ di òmùgọ̀. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fi ara ìkòkò sílẹ̀ láìdí i.

ẸNI TÍ A FẸ́ KỌ́ DI OLÙKỌ́

Ní ọdún 1965, Cardew padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ladi kò kúrò. Òun gan-an ni ó wá ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1974, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbéra wá sí Àbújá. Magdalene Odundo ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ti wá ní ilé-ìwé ńláńlá, ó ní ẹ̀rọ, ó ní ìwé. Síbẹ̀, ó wá jókòó ti Ladi Kwali àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ lásán mọ ìkòkò. Lónìí, iṣẹ́ Odundo wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá káàkiri ayé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi í joyè Dame ní ọdún 2020. Kò sì lo pẹpẹ róbótó fún àwọn ìkòkò tí ó fi di olókìkí náà. Ọwọ́ ni.

Ladi Kwali náà gba ẹ̀yẹ. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sààríà sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1977. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jùlọ fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1980, wọ́n sì tún fún un ní oyè OON ní ọdún 1981. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1984. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó wọ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ikú rẹ̀. Obìnrin tí kò jókòó ní ilé-ìwé rí ni yunifásítì dá lọ́lá. Ìmọ̀ tí wọ́n fún un ní ẹ̀yẹ lé lórí, láti ẹ̀yìnkùlé Kwali ni ó ti gbé e wá.

Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́, Ọ̀RỌ̀ KÀN YÍN

Kí ni kí a rí fà yọ nínú ìtàn yìí? Mo rí ohun mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ladi ti di ọ̀gá kí ó tó tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti parí ìwé mẹ́wàá, tí ẹ sì rò pé ṣíṣa òkúta kúrò nínú amọ̀ kò yẹ yín, ẹ rántí pé ibẹ̀ ni ẹni tí ó wà lórí owó ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ti mọ̀. Kíláàsì Àbújá lókìkí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé ni ó gbé òkìkí rẹ̀ ga jùlọ.

Ẹ̀kẹta, tí ó sì ká mi lára jù, ni pé ìmọ̀ tí a fi pamọ́ sí ọwọ́ a máa bá ọwọ́ wọ ilẹ̀. Amọ̀kòkò Kashan ní ọmọ tí ó kọ ìmọ̀ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyí tí a fi mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún ó lé díẹ̀. Ìyá àgbà tí ó mọ ìkòkò ní agbègbè tiwa, ta ni yóò kọ tirẹ̀? Àwa tí a mọ ìwé kọ ni. Bí ẹ bá mọ ìyá kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, yálà nínú ilé yín ni o tàbí ní ìlú mìíràn, ẹ mú ìwé àti gègé, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè. Níbo ni ẹ ti ń wa amọ̀? Kí ni ẹ ń pò mọ́ ọn? Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ tó láti wọ iná? Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án, nítorí pé ìwé nìkan kò mọ ìkòkò.

Ìkòkò àkọ́kọ́ tí ẹ bá mọ yóò wọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó fọ́ nínú iná. Ẹ má ṣe da àpáàdì rẹ̀ nù. Ẹ gún un, kí ẹ pò ó mọ́ amọ̀ èyí tí ó tẹ̀lé e.

Kí Ọlọ́hun Ọba tí ó fún wa ní ọwọ́ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa ṣófo ìmọ̀. Kí ó kẹ́ àwọn ìyá wa tí ó ti lọ, kí ó sì fún àwọn tí ó kù ní ẹ̀mí gígùn tí wọn yóò fi kọ́ wa. Àmín.